Tíkẹ́ẹ̀tì Ẹbí Òṣìṣẹ́ Bàálù: Ẹ̀tọ́ Ni Tàbí Àmánà?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó tẹ́ ilẹ̀ tí Ó sì la ọ̀nà sí i fún ìrìnàjò ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wà lókè òkun nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣòro kí a rí àdúgbò kan ní Adó-Èkìtì, láti Fájuyì dé Ajílósùn, láti Òkèṣà dé Baṣírì, tí kò ní ẹbí tí ọmọ wọn wà ní London, ní Manchester, ní Houston tàbí ní Atlanta. Lára àwọn ọmọ wọ̀nyí, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàálù. Wọ́n ń kó ẹrù, wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n ń jókòó sídìí káńtà, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún èrò lófuurufú. Ilé iṣẹ́ wọn a sì máa fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú, fún àwọn àti ẹbí wọn.

Nígbà tí òtútù bá dé lọ́hùn-ún, tí oòrùn ń wọ̀ ní London ní oṣù December kí agogo mẹ́rin tó lù, ọ̀pọ̀ wọn a mú tíkẹ́ẹ̀tì yìí, wọn a wá ibi tí ara ti lè yá gágá lọ: Banjul ní ilẹ̀ Gambia, Agadir ní ilẹ̀ Morocco, Dubai, tàbí ilé níbí. Ìgbà náà ni fóònù a bẹ̀rẹ̀ sí í dún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi orúkọ tèmi náà sí i." "Bùrọ̀dá, ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ lọ, yóò fún yín ní nǹkan." Ẹni tí kò bá gbà, wọn a ní ó ti di òyìnbó.

Ìbéèrè wa nìyí: kí ni ẹ̀tọ́ ẹbí nínú irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀? Níbo ni hàláálì rẹ̀ parí sí, tí hàrámù ti bẹ̀rẹ̀?

ÌRÌNÀJÒ ÌGBÀ ÒTÚTÙ KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

Àwọn kan nínú wa a máa rò pé ìrìnàjò ìgbádùn jẹ́ ìnáákúnàá, pé Mùsùlùmí gidi kò gbọdọ̀ rin ìrìn kan bí kò ṣe ti Mẹ́kà. Ẹ jẹ́ kí a rántí Súrà Quraysh, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ sórí láti ilé kéú. Nínú rẹ̀, Ọlọ́hun dárúkọ ìrìnàjò àwọn Quraysh ní ìgbà òtútù àti ní ìgbà ooru. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n túmọ̀ Àlùkùráánì ṣàlàyé pé ilẹ̀ Yemen ni wọ́n ń lọ nígbà òtútù nítorí pé ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n sì ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù nígbà ooru nítorí pé ibẹ̀ tutù. Ọlọ́hun kò bá wọn wí pé kí ló dé tí wọ́n fi wá ibi tí ara yóò ti rọ̀ wọ́n lọ. Ó kà á mọ́ ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún wọn. Ohun tí Ó béèrè ni pé kí wọ́n sin Olúwa Ilé náà, ẹni tí Ó bọ́ wọn kúrò nínú ebi tí Ó sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ kúrò nínú ìbẹ̀rù.

Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ kan tí ó ti fi oṣù mọ́kànlá kó ẹrù nínú otútù gbé ìyá rẹ̀ tí oríkèé ń ro lọ síbi tí oòrùn wà, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Kí ó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Adó kí wọ́n mọ ìyá àgbà, kí ó mú wọn dé Ìkógòsí kí wọ́n rí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, lára síso okùn ẹbí pọ̀ ni. Ìrìnàjò kò ní láburú nínú. Ọ̀nà tí a gbà rí i ni kí a yẹ̀ wò.

BÍ TÍKẸ́Ẹ̀TÌ NÁÀ ṢE RÍ

Kí a tó dájọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń dájọ́ lé lórí. Oríṣi tíkẹ́ẹ̀tì tí òṣìṣẹ́ bàálù ń gbà ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní standby. Ẹni tí ó gbà á kò ra àyè. Àṣẹ láti dúró de àyè ni ó gbà. Àwọn mìíràn ń san ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí èrò ń san, àwọn mìíràn ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, àfi owó orí tí ìjọba àti pápákọ̀ ń gbà lọ́wọ́ èrò. Wọn yóò kọ orúkọ onítọ̀hún sílẹ̀. Yóò wá sí pápákọ̀, yóò jókòó. Bí gbogbo ẹni tí ó sanwó bá ti wọlé tán, tí àga ṣẹ́kù, wọn yóò máa pe orúkọ lẹ́sẹẹsẹ. Ní ilé iṣẹ́ kan, ẹni tí ó ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ń ṣáájú. Ní òmíràn, ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Bí àga bá tán kí ó tó kàn án, yóò gbé báàgì rẹ̀ padà sílé, yóò tún wá lọ́la.

Àwa tí a ń wọkọ̀ ní gáréèjì mọ irú rẹ̀. Ọmọ awakọ̀ lè jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láti Adó dé Èkó láìsan kọ́bọ̀. Bí èrò bá dé tí ó mú owó lọ́wọ́, ọmọ awakọ̀ yóò dìde. Kì í bínú, nítorí ó mọ̀ pé owó èrò yẹn ni bàbá òun fi ń bọ́ òun.

Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń sọ ẹni tí ó kà sí ẹbí. Ọ̀pọ̀ wọn ka ọkọ tàbí aya, ọmọ tí kò tíì kọjá ọjọ́ orí kan, àti bàbá òun ìyá. Àwọn kan fi ọmọ ìyá ẹni kún un. Àwọn kan fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gbà kí òṣìṣẹ́ tà á jèrè. Ẹni tí ó bá rú òfin náà lè pàdánù tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì lè pàdánù iṣẹ́ pẹ̀lú.

ṢÉ RÌBÁ NI?

Ẹlòmíràn lè bi wá pé: ǹjẹ́ kì í ṣe ohun kan náà ni èyí àti ẹ̀bùn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà nítorí ipò? Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán ọkùnrin kan láti ìran Azd, tí wọ́n ń pè ní Ibn al-Lutbiyya, láti lọ gba sàká. Nígbà tí ó dé, ó pín ohun tí ó kó bọ̀ sí méjì: ó ní apá kan jẹ́ ti àwọn Mùsùlùmí, apá kejì sì jẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun. Ànábì gun mínbárì, ó sì bi àwọn ènìyàn léèrè bóyá ẹ̀bùn náà ìbá dé bí ọkùnrin yìí bá jókòó sílé bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Hádíìsì yìí wà nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀bùn tí wọ́n fún Ibn al-Lutbiyya kò ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rán an níṣẹ́ wá. Ọwọ́ àwọn tí ó lọ gba sàká lọ́wọ́ wọn ni ó ti wá. Tíkẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ni bàálù ni ó fún un, ní gbangba, nínú ìwé àdéhùn, ó sì mọ iye tí ó ń fún un. Apá kan owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Hàláálì ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ọ́ di hàláálì náà ni ó fi ààlà sí i. Bí ìyọ̀ǹda ẹni tí ó ni ín bá jẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀tọ́ wa, ibi tí ìyọ̀ǹda rẹ̀ bá parí sí ni ẹ̀tọ́ wa náà parí sí. Ọlọ́hun bẹ̀rẹ̀ Súrà Al-Maida pẹ̀lú àṣẹ pé kí àwọn onígbàgbọ́ mú àdéhùn ṣẹ. Àṣẹ náà kò yọ àdéhùn ti ilé iṣẹ́ òyìnbó sílẹ̀.

"ÀBÚRÒ MI NI"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí, nítorí ibẹ̀ ni ìwà rere wa ti fẹ́ di ìkẹ́kùn fún wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àbúrò mi ni tàbí ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ará ilé wa, àbúrò mi ni. Ìyàwó bàbá mi, ìyá mi ni. A kì í ka ẹbí bí ẹni ka owó. Nígbà tí fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ bá wá béèrè orúkọ ọmọ ìyá, ẹnìkan yóò kọ orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sí i, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ pé òun kò purọ́. Ó ní, "Ṣebí àbúrò mi ni lóòótọ́?"

Lédè Yorùbá, kò purọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè Yorùbá ni wọ́n fi bi í. Hádíìsì kan wà nínú àkójọ Muslim tí ó kọ́ wa pé ìbúra dúró lórí ohun tí ẹni tí ó ní kí a búra gbà lọ́kàn, kì í ṣe lórí ohun tí abúra fi pamọ́ sínú ikùn. Ìlànà kan náà ni fún fọ́ọ̀mù tí a fi ọwọ́ sí. Ẹni tí ó béèrè ni ó ni ìtumọ̀ ìbéèrè rẹ̀. Bí mo bá mọ ohun tí ó ń béèrè, tí mo sì dáhùn ohun mìíràn, irọ́ ni mo pa, ì báà jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu mi jẹ́ òtítọ́.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dun ènìyàn wọra. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré, tí ìyàwó bàbá rẹ̀ sì tọ́ ọ dàgbà, tí ó pọ̀n ọ́n, tí ó sanwó ilé ìwé rẹ̀. Lónìí ó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ ní London. Fọ́ọ̀mù ní kí ó kọ orúkọ ìyá. Ta ni yóò kọ? Ọkàn ta ni kò ní fà sí kíkọ orúkọ ìyá tí ó tọ́ ọ? Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó kọ òtítọ́ síwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀: "Ẹni tí ó tọ́ mi dàgbà nìyí, kì í ṣe òun ni ó bí mi, ǹjẹ́ ẹ gbà á?" Bí wọ́n bá gbà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Bí wọn kò bá gbà, kí ó tu owó jọ, kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un bí àwọn èrò yòókù. Ìyá tí a fi òógùn wa gbé wọ bàálù, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, oore tí ó ṣe fún ọmọ náà ju ohun tí a lè fi irọ́ san lọ.

Ẹ kò ṣàì mọ òwe àwọn àgbà: ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

"ÀGA TÍ Ó ṢÓFO, TA NI Ó Ń DÙN?"

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní èsì kan tí ó dùn ún gbọ́. Wọ́n ní bàálù yóò gbéra, bí àga ṣófo bí kò ṣófo. Bí ọ̀rẹ́ mi bá jókòó síbẹ̀, kí ni ilé iṣẹ́ pàdánù? Ẹ jẹ́ kí a dá wọn lóhùn ní ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, ohun tí ó ṣófo kò túmọ̀ sí ohun tí kò ní olówó. Yàrá kan lè ṣófo nílé aládùúgbò wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin; a kò lè kó ẹní wa wọ ibẹ̀ láìtọrọ.

Ìkejì, ìlà ni àwọn tí ó dúró de àyè tò sí. Bí àga mẹ́ta bá ṣẹ́kù, tí ẹni kẹta jẹ́ "àbúrò" tí kì í ṣe àbúrò, ẹni kẹrin ni ó padà sílé. Ẹni kẹrin yẹn lè jẹ́ ìyá òṣìṣẹ́ mìíràn tí ó ń lọ sí ìsìnkú, tàbí bàbá tí kò tíì rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ lè má pàdánù ohunkóhun. Ẹlẹgbẹ́ wa nídìí iṣẹ́ ni a rẹ́ jẹ, a kò sì ní mọ ojú rẹ̀ títí di ọjọ́ ìṣirò.

Ìkẹta, ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìbá ti ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Nígbà náà, owó ilé iṣẹ́ ni òṣìṣẹ́ fi sápò.

Ẹ rántí ìtàn Umar ọmọ Khattab. Ọmọ rẹ̀ Abdullah ra ràkúnmí tí ó rù, ó dà wọ́n sínú pápá ìjẹko tí ó jẹ́ ti gbogbo Mùsùlùmí. Wọ́n jẹ, wọ́n sanra. Umar rí wọn lọ́jà, ó béèrè ẹni tí ó ni wọ́n. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọmọ òun ni, ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò ti máa fi àyè sílẹ̀ fún ràkúnmí ọmọ olórí. Ó ní kí Abdullah tà wọ́n, kí ó mú owó tí ó fi rà wọ́n, kí ó sì da èrè yòókù sínú àpò ìṣúra àwọn Mùsùlùmí. Koríko ni ràkúnmí jẹ, koríko yóò sì tún hù. Síbẹ̀ Umar kò wo koríko. Àǹfààní tí orúkọ bàbá mú wá ni ó wò.

Àwọn mìíràn ní òyìnbó ni ó ni bàálù, òyìnbó sì ti kó wa lẹ́rù rí, nítorí náà kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Ànábì wa ń ṣe Hijra lọ sí Mẹ̀dínà, àwọn ará Mẹ́kà ti pète láti pa á. Síbẹ̀ ohun ìní àwọn kan nínú wọn wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìpamọ́. Ó fi Ali sílẹ̀ sẹ́yìn kí ó dá gbogbo rẹ̀ padà fún àwọn tí wọ́n ni ín. Bí a bá ń dá àmánà padà fún ẹni tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí wa, kí ni àwíjàre wa lọ́dọ̀ ẹni tí ó gbà wá síṣẹ́?

ÌWÀ ẸNI TÍ Ó DÚRÓ DE ÀYÈ

Ẹni tí ó bá gba tíkẹ́ẹ̀tì yìí lọ́nà ẹ̀tọ́, kí ó mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Kí ó mọ̀ pé orúkọ ẹlòmíràn ni òun gbé dání. Bí ó bá pariwo nídìí káńtà, bí ó bá bú òṣìṣẹ́ nítorí pé wọn kò pe orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò pè láti wá wí tẹnu rẹ̀. A ti fi ẹnu wa gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí ó ṣe wá lóore.

Kí ó wo àsìkò. Gbogbo ayé mọ̀ pé ní December, àwọn ọmọ wa ń wọ́ bọ̀ nílé, bàálù tí ń bọ̀ láti London sí Èkó a sì kún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ January, èyí tí ń padà lọ ni ó ń kún. Ẹni tí ó gbé tíkẹ́ẹ̀tì ìdúródè ní irú àsìkò yìí, tí ó sì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ń fi àmánà ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́. Kí ó mú ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kún ìsinmi rẹ̀, kí ó sì ní owó tí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì gidi lọ́wọ́. Ànábì kọ́ wa pé kí á so ràkúnmí mọ́lẹ̀ kí á tó gbára lé Ọlọ́hun.

Kí ó fi àkókò ìdúró ṣe ohun rere. Wákàtí mẹ́rin ní pápákọ̀ tó láti kírun lásìkò, láti ka Àlùkùráánì, láti ṣe sìkírì. Bí wọn kò bá pè é, kí ó sọ pé Alhamdulillahi, nítorí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọn kò fún un.

Kí ó sì mọ ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní náà. Ẹni tí ó ti lọ sí Dubai lẹ́ẹ̀mẹta, tí ìyá rẹ̀ ní Adó kò tíì rí i láti ọdún márùn-ún, kò rú òfin ilé iṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n òfin mìíràn wà tí ó ju ti ilé iṣẹ́ lọ.

ÀWA TÍ A WÀ NÍLÉ ŃKỌ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí òun kò ní ẹ̀gbọ́n nídìí bàálù, ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ẹ wo Nigeria Airways. Ní 1958 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ní 1971 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ yẹn, ní 2003 ni ó kógbá sílé. Ìwà ìbàjẹ́, àìbójútó àti òṣìṣẹ́ tí ó pọ̀ ju iṣẹ́ lọ ni wọ́n kà sí ohun tí ó pa á. Ní 2018, ọdún 15 lẹ́yìn tí ó kú, ìjọba àpapọ̀ ṣì ń san lára owó tí ó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lọ sí ọ̀run kí owó tó dé. Ohun tí olúkúlùkù ń bù jẹ díẹ̀díẹ̀ nítorí pé ó ṣófo, nítorí pé ti ìjọba ni, nítorí pé ẹ̀gbọ́n wa wà níbẹ̀, bí ó ṣe ń parí nìyẹn.

Olúkúlùkù wa ni ó ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ọmọ olùkọ́ tí ó ń fẹ́ ìbéèrè ìdánwò kí ọjọ́ tó pé, ìyàwó dókítà tí ó ń kọjá lójú àwọn tí ó ti tò láti òwúrọ̀, àbúrò akọ̀wé tí ó ń lo mọ́tò ọ́fíìsì lọ sí òde ìyàwó ní Ìkẹ́rẹ́: ìdí kan náà ni gbogbo wọn jókòó sí. Ohun tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n wa fún iṣẹ́ kan ni a fẹ́ sọ di ogún ẹbí.

Ní Adó níbí, a ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede Fájuyì lójoojúmọ́. Adékúnlé Fájuyì kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, ṣùgbọ́n ìtàn tí àwọn bàbá wa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé kò fi Aguiyi-Ironsi, àlejò rẹ̀, sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ogun dé sí Ìbàdàn ní July 1966. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ pa. Àlejò jẹ́ àmánà lọ́wọ́ onílé. Bí ẹnìkan láti ìlú wa bá lè kú nítorí àmánà, àwa tí a ní Àlùkùráánì lọ́wọ́ lè fi àga kan nínú bàálù sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì yìí lọ́nà ẹ̀tọ́, ẹ lò ó, ẹ gbádùn oòrùn Ọlọ́hun, ẹ dúpẹ́. Ẹ̀yin tí orúkọ yín kò sí nínú ìwé, ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ ẹbí mú ẹni tí ó wà níbẹ̀ lọ́ràn-anyàn. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá sọ pé, "Wọn kò gbà mí láyè," ẹ sọ fún un pé, "Kí Ọlọ́hun bá wa bù sí i." Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi wá sí ara àwọn tí ń pa àmánà mọ́, kí Ó fún wa ní hàláálì tí yóò tó wa, kí Ó sì sọ ìrìnàjò wa gbogbo di ìrìnàjò ayọ̀. Àmín.